Awẹ́ Gbànja Tí Rájí Dá Padà

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi, mi ò lá a lálàá, mi ò sì mu ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán gangan ni. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá bá mi ní ìsọ̀ obì mi lójú ọ̀nà Edúnàbọ̀n, kó wá wo ohun tó wà nínú agolo.

Ìwé kẹta ni mo kà dé, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kíyẹn tàn yín. Láti Edúnàbọ̀n títí dé Ẹnuwá, wọn ò tíì bí ẹni tó lè di obì bíi tèmi. Tí mo bá fi ewé gbòdògì di gbànja sínú àpò, ó lè lo oṣù mẹ́ta lókè Ọya, kòkòrò ò ní fọwọ́ kàn án. Kòkòrò gan-an mọ̀ mí.

Rájí ló máa ń fi ọkọ̀ kó o lọ, òun àti Sùlè tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀. Àbúrò ìyàwó mi ni Rájí, ọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá wọn bí. Sìdí ìyàwó mi ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Gbogbo ìgbà tó bá ń lọ ni Sìdí máa ń sọ fún mi pé, "Ẹ ṣáà jẹ́ kó máa padà wálé o."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, a kó ọgbọ̀n àpò sínú ọkọ̀ tán, Sùlè ti jókòó, Rájí ò wọlé. Ó gbé rédíò sétí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò gbọ́? Àwọn agbébọn tí wọ́n ń kó ìbọn wá fún láti ilẹ̀ òkèèrè ti wọ bárékè, wọ́n pa sójà. Ìjọba ń gbẹ̀san. Wọ́n ní bàálù ológun ti ń ju bọ́ǹbù lápá ibi tá à ń lọ yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run gbọ́, mo rẹ́rìn-ín.

"Ṣé agbébọn ni ẹ́ ni? Odidi ọkùnrin bíi tìẹ, ò ń sá fún ohun tó ń fò!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹni tó wà lókè ò lè mọ àpò obì yàtọ̀ sí àpò ìbọn."

"Wọlé jàre. Obì mi ti ń làágùn."

Ó ní kí n kúkú wúre fún òun.

Ẹ gbọ́ ibi tí mo ti ṣìṣe. Kò sí ọmọ Ifẹ̀ tí kò mọ̀ pé obì àbàtà, aláwẹ́ mẹ́rin, la fi ń wúre. Ọjà ni gbànja aláwẹ́ méjì, kò mọ àdúrà. Àbàtà wà nílé kejì sí ìsọ̀ mi, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ rìn. Mo ṣa gbànja kan nílẹ̀, mo ní, "Obì rè é. Á bi ikú, á bi àrùn, á bi òfò lójú ọ̀nà rẹ."

Rájí wo ọwọ́ mi. "Bọ̀ọ̀dá, gbànja nìyẹn."

"Èmi tí mò ń tà á ni wàá kọ́?"

Mo là á sí méjì. Mo fún un ní awẹ́ kan, ó fi sápò ẹ̀wù. Mo ju awẹ́ kejì sínú agolo tí mò ń kó okùn sí, mo ní a máa jọ jẹ ẹ́ tó bá dé.

Ọjọ́ kẹta, Sátidé, lọ́sàn-án gangan, Ìyá Àlàbá tó ń bá mi ṣa obì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Èmi wà nínú ìsọ̀, mò ń tẹ́ ewé. Ẹ fi èyí sọ́kàn: mi ò gbọ́ ìró ọkọ̀ kankan.

Mo gbójú sókè. Rájí jókòó sórí àpò.

Eruku funfun bò ó látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò wọ bàtà. Inú mi dùn, ẹ gbà mí gbọ́! Mo ní, "Ọ̀gá awakọ̀! Ọkọ̀ dà? Àbí o tún sá fún ohun tó ń fò?"

Kò rẹ́rìn-ín. Òtútù mú mi, lábẹ́ páànù tó ń jóni. Àwọn eṣinṣin tó ń kùn lórí èèpo obì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó nawọ́, ó gbé nǹkan kan sórí pákó iwájú mi. Ohùn rẹ̀ gbẹ bí ewé.

"Bọ̀ọ̀dá, kò bì í."

"Kò bi kí ni?"

"Kò bi nǹkan kan."

Ìyá Àlàbá yọjú. "Bàbá olóbì, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ṣé ẹ ò rí Rájí ni?"

Ó wo orí àpò, ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. "Kò sẹ́ni tó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá," ló sọ, wúyẹ́wúyẹ́.

Nígbà tí mo padà wẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àpò náà ṣì tẹ̀ wọnú níbi tó jókòó sí.

Awẹ́ gbànja kan ló wà lórí pákó. Etí rẹ̀ kan jó dúdú. Mo mú ti inú agolo, mo pa wọ́n pọ̀. Irun ò lè gba àárín wọn kọjá. Ẹni tó mọ obì bíi tèmi ò lè ṣì í mọ̀: obì kan náà ni.

Ìrọ̀lẹ́ ni fóònù dún. Awakọ̀ kan tó wà lẹ́yìn wọn lójú ọ̀nà ló pè. Ó ní ọkọ̀ àwọn agbébọn já wọ àárín ọkọ̀ ọlọ́jà, bàálù sì ju bọ́ǹbù lé gbogbo wọn lórí. Mo bi í pé ìgbà wo. Ó ní, "Lónìí ni, ìrun ọ̀sán ò tíì tó."

Mo sọ fún Sìdí pé Rájí kú. Ó sunkún tán, ó bi mí pé, "Ṣé ó fẹ́ lọ?" Mo ní òun fúnra rẹ̀ ló ń kánjú. Irọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, èmi ni mo sì pa á.

Nínú agolo náà, awẹ́ tèmi ti gbẹ, ó ti hunjọ. Ti Rájí ṣì tutù di òní, bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.

Ní Sátidé tó kọjá, Sìdí gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún mi ní ìsọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ta ló wà lórí àpò yẹn?"

Mo ní kò sẹ́nì kankan. Mi ò yíjú wo orí àpò náà. Mi ò lè yíjú wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, tí ẹni tó ń lọ bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì máa wúre fún un, ẹ dìde, ẹ rìn dé ibi tí àbàtà wà.

Ohun tó lọ nìwọ̀nyí. Ọkọ̀ kan. Ọgbọ̀n àpò gbànja, mo sì dì wọ́n dáadáa. Èèyàn méjì: Sùlè, àti Rájí.