Ṣíbí Mélòó Ló Kún Táǹkì Wa?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ẹnu ẹ̀rọ ilé wa ní Festac. Táǹkì irin ńlá kan ló wà lẹ́yìn ilé, àwa ọmọ la sì máa ń fi kẹ́ẹ̀gì pọnmi sí i. Bàbá mi nìkan ló mọ iye lítà tó ń gbà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi, kì í fi ìṣirò ṣeré. Ní Sátidé kan tí táǹkì gbẹ, ó ní bí a bá lè sọ iye ṣíbí tíì tí yóò kún un, òun á mú wa lọ wo ìpàtẹ ọjà ní Trade Fair. Ha! Gbogbo ọmọ kúlóòsì wa, ìyẹn òpópónà tí à ń gbé, ló ti débẹ̀, àwa nìkan la ṣẹ́kù.

Mo sáré mú ṣíbí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

“Olódo! Kí o tó fi ìyẹn bu omi kún táǹkì, wàá ti hewú.”

Òun ló ní ká gun ìṣirò náà bí àkàbà: ṣíbí sí ìgò, ìgò sí kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì sí táǹkì. Igba ṣíbí ló kún ìgò lítà kan. Kẹ́ẹ̀gì ìyá wa ńkọ́? Lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, a ò tilẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣíbí nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin á wá jẹ́ ẹgbàáwàá, tí àwọn àgbà ń pè ní ọ̀kẹ́ kan. A pọnmi títí, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìndínlógójì ló kún táǹkì. Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án! A ti ń jó lọ bá bàbá wa.

Ó mi orí. “Ẹgbẹ̀rún lítà ni táǹkì mi ń gbà. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ni. Ọ̀kẹ́ kan dà?”

Omi lé ròrò sí mi lójú. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà o. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, ó ń fi ìgò da omi sí i. Ìgò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wọlé, kẹ́ẹ̀gì ò kún! Ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ gba mẹ́ta sí i. Ni ìyá wa bá bú sẹ́rìn-ín nínú kíṣìnì. Àṣé, nítorí pé kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń ta epo pupa ní ọjà Agboju, ó ti rọ omi gbígbóná sínú kẹ́ẹ̀gì náà kó tó lọ fi ra epo, kí epo lè pọ̀ sí i, kẹ́ẹ̀gì sì wú bí ikùn aláboyún.

“Mọ́mì wọn! Ìwọ lo gbé ọ̀kẹ́ kan mì!”

“Dádì wọn, ṣebí ẹ̀yin náà ń jẹ epo ọ̀hún?”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní kẹ́ẹ̀gì ló purọ́, àwọn ọmọ ò purọ́. Ó ní ká lọ bọ́ aṣọ tó tutù lára wa, ká wọ òmíràn, ìyá wa náà sì bá wa lọ.

Lóde òní, fóònù lẹ máa ń bi nírú ìbéèrè yìí, ìdáhùn á sì dé kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ó dára, mi ò bá a jà. Àmọ́ mo máa ń wò yín: aṣọ ẹnikẹ́ni kì í tutù, ẹnikẹ́ni kì í sì í rẹ́rìn-ín.