Tísà Adégbénró àti Ojúgun Kúbúrá

Láyé ọdún 1978, kò sí ọmọ tó ń sáré ní àdúgbò Tudun Wada tí kò mọ Tísà Adégbénró. Ará Èkìtì ni. Ìṣirò nìjọba ní kó wá kọ́ ọmọ ní Jọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n eré sísá ló gbà á lọ́kàn. Kí oyè tó là, yóò ti kó àwọn ọmọ sójú títì ọlọ́dà, ó di àdúgbò Rantya, àlọ àtàbọ̀. Ẹni tó bá dúró, ọ̀lẹ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ òun náà.

Kúbúrá, ọmọ oníṣòwò ará Ìlọrin kan, ló fọkàn tẹ̀ jù. Bí ọmọ náà bá ti ki eré mọ́lẹ̀, orí Tísà á wú. Nígbà tí ìdíje ìpínlẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó sọ àlọ àtàbọ̀ kan di méjì lójúmọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Kúbúrá fi ń tiro. Tísà mú un lọ sílé ìwòsàn. Mùstàfá tó ń ya fọ́tò egungun fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ níbì kan, ọmọ náà ké. Ṣùgbọ́n fọ́tò jáde, kò sí àbàwọ́n kankan nínú rẹ̀.

"Ẹ ò rí nǹkan kan," Tísà wí. "Ẹ jẹ́ kó máa sáré."

"Haba, Tísà! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Irú èyí kì í tètè hàn. Kó sinmi, kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta òní. Bó bá sáré lé e, wallahi, egungun yẹn lè dá sí méjì."

Inú bí Tísà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà á ju ìbínú lọ. Kúbúrá jókòó sílé. Wọ́n ṣe ìdíje láìsí i níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà, Mùstàfá gbé fọ́tò tuntun síwájú iná. Tísà yanu, kò lè pa á dé. Ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí la ojúgun náà kọjá, egungun tuntun sì ti yọ bò ó, bí ẹni fi amọ̀ dí ògiri tó sán. Ta ló rán egungun níṣẹ́? Ọmọ ń jẹ tùwó, ọmọ ń sùn, egungun ń tún ara rẹ̀ ṣe láìpe ẹnikẹ́ni. Tísà ṣí fìlà. Ọlọ́run mà tóbi o!

"Yóò tún sáré," Mùstàfá ní, "bẹ́ ẹ bá rọra."

Ìgbà náà ló tó yé Tísà pé egungun tó ti sán lọmọ yìí fi ń sá lọ sí Rantya.

"Kúbúrá, ọjọ́ mélòó lo fi sáré lórí ìrora yìí?"

"Ọjọ́ mọ́kànlá, sà."

Tísà lóṣòó síwájú rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Mo sọ fún yín, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ."