Ẹni tí Mo Fá Lórí ní Bárékè

Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, ojú kò sì dùn mí. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí gbọ́.

Kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé parí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Òkìtìpupa fọ́ fèrèsé ilé ìdáná wọn nítorí ẹ̀wà tó kún fún kòkòrò. Ìjọba kó sójà wá. Wọ́n lé àwọn ọmọ náà lọ sílé, wọ́n sọ kíláàsì di bárékè. Ọ̀rọ̀ wọn le. Olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa rẹ́rìn-ín lójú títì, wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú ìyàwó rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Sájẹ́ǹtì wọn ní kí n máa wá fá wọn lórí lọ́sàn-án Sátidé, lábẹ́ igi máńgòrò.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí ọ̀kan tún yọ lẹ́yìn kíláàsì, tó jókòó. Kakí rẹ̀ ti gbó. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Rọra o. Etí ń dùn mí."

Mo ń gbọ́ bí abẹ ṣe ń ha irun, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò já bọ́ sórí aṣọ tí mo fi bò ó. Mo gbé dígí síwájú rẹ̀. Mo rí igi, mo rí ara mi pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Òun kò sí níbẹ̀.

Ó wù mí kí n sá. Àmọ́ ẹni tó bá sáré ní bárékè nígbà náà, ìbọn ni yóò lé e bá. Mo tún rò ó pé òkú yìí mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀ ju àwọn alààyè lọ. Mo ń fá a lọ.

Sájẹ́ǹtì dé. "Ta lò ń fá lórí?"

"Ọ̀gá, ọ̀kan nínú yín ni."

"Lórí àga òfìfo? O ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yá, fò bí ọ̀pọ̀lọ́."

Mo ti lóṣòó nígbà tí ohùn jáde láti orí àga: "Ẹ fi í sílẹ̀, Sájẹ́ǹtì. Ó ku ẹ̀gbẹ́ kan."

Sájẹ́ǹtì kò dúró mú fìlà tó já bọ́ lórí rẹ̀.

Èmi ńkọ́? Mo fá ẹ̀gbẹ́ kejì. Ta ni yóò fi òkú sílẹ̀ láàbọ̀ orí? Bí mo ṣe parí, aṣọ náà bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àga sì ṣófo.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn sójà kó ẹrù wọn lọ. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà dé, wọ́n ní àwọn làwọn ṣẹ́gun. Mo ń pọ́n abẹ mi lọ.

Mi ò mọ ẹni tí í ṣe títí dòní. Ṣùgbọ́n irun a máa hù. Ẹ̀yin onígbàjámọ̀ tí ẹ bá ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án, ẹ fi abẹ yín pamọ́.