Ọjọ́ Tí Wọ́n Tì Mí Mọ́ Yàrá Bọ́ọ̀lù ní Sharjah

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò lè gbàgbé ọjọ́ Jímọ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Sharjah kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ìdíje.

N kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ọjà ni mo wá rà ní Deira, nítòsí ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Múfú, awakọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tá a jọ ń gbé ní Hor Al Anz, ló bẹ̀ mí pé Yúsúfù, agbábọ́ọ̀lù wọn, ará Sùdáánì tó dúdú bíi tèmi, ń ṣàìsàn, kí n wọ jẹ́sì rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́, mo sì gbá góòlù kan wọlé.

Nígbà ìsinmi, a gbọ́ pé àwọn alákòóso ìdíje fẹ́ yẹ káàdì akẹ́kọ̀ọ́ wa wò. Ẹ̀gbọ́n bọ́ jẹ́sì lọ́rùn mi, wọ́n sì tì mí sínú yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí.

“Àbúrò, yalla, yára wọlé. Bí wọ́n bá rí ẹ, iṣẹ́ mi lọ, fìsà tìẹ náà lọ. Má wúkọ́ o.”

Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í, wọ́n lọ gbé Yúsúfù dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kó lè wá wọ jẹ́sì rẹ̀.

Páànù òrùlé tó wà lórí mi gbóná bí ààrò. Eruku kún ọ̀nà ọ̀fun mi. Ihò kọ́kọ́rọ́ ni mo gbẹ́nu lé kí n tó rí èémí mí. Mo gbọ́ fèrè ìparí, mo gbọ́ tí wọ́n ń kígbe “Yúsúfù”, mo sì gbọ́ tí bọ́ọ̀sì wọn, tí Ẹ̀gbọ́n ń wà, gbéra. Àpò Ẹ̀gbọ́n ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rántí mi.

Lọ́dún kẹta, Ẹ̀gbọ́n mú mi dé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ìtàn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn wà lára ògiri: góòlù àkọ́kọ́, Yúsúfù. Ẹ̀gbọ́n ń wo ẹnu mi. Ọ̀fun ń yún mi, ṣùgbọ́n n kò wúkọ́.