Bí Mo Ṣe Dẹ Okùn Mandolíìnì Àbúrò Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Addo, ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kkí ṣì dá páropáro. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé nígbà náà: mandolíìnì Fadá. Ará Ireland ni Fadá tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ń fi mandolíìnì yìí, tó dà bíi gìtá kékeré, kọ́ èmi àti Bọ́sẹ̀ àbúrò mi ní pólúkà, orin ijó ìlú wọn. Okùn mẹ́jọ ló ní, méjì méjì ni wọ́n ń tò. Ike tí a gé lára kẹ́ẹ̀gì òróró la fi ń ta á. Orin náà yá, ẹsẹ̀ ẹni kì í dúró jẹ́ẹ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ o! Bọ́sẹ̀ dé, láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti kọjá mi. Màámi wá ní kó má ha ẹja mọ́, kí ìpẹ́ má baà gún un níka. Ìka tèmi ńkọ́? Èmi ni mò ń ha ẹja, tí òórùn rẹ̀ ń tẹ̀lé mi dé kíláàsì. Òun á jókòó sábẹ́ igi àgbọn, á máa ta pólúkà, á máa jẹ gúgúrú. Ìlara fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Nígbà tí Fadá ń múra àtipadà sílùú wọn, wọ́n ní ẹni tó bá ta pólúkà dáa jù lọ́jọ́ ìdágbére ni àwọn máa fún ní mandolíìnì náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ ta. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Kí n tó gbé e fún Bọ́sẹ̀, mo kẹ̀yìn sí èrò, mo dẹ okùn kan díẹ̀ kó má baà dún dáadáa.

Bọ́sẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó tẹ́tí, ó rọra lọ́ okùn náà le padà, ló bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà mí! Àwọn ìyá ìjọ dìde jó, Màámi pàápàá ń fò. "Etí ọmọ yìí!" ni Fadá ń pariwo. Bọ́sẹ̀ ló gbé mandolíìnì lọ sílé. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Lónìí, mọ́tò ti gba gbogbo ọ̀nà yẹn, ilé alájà ló wà níbi igi àgbọn wa. Mo ti ra mandolíìnì méjì, fóònù ló sì ń bá mi yẹ ohùn okùn wò. Bọ́sẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní mandolíìnì ní Lẹ́kkí Phase 1, etí rẹ̀ lásán ló ń lò. Mo ṣì ń jowú rẹ̀, kí n má parọ́. Lóṣù tó kọjá, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

"Sistá mi, mo rí yín lọ́jọ́ yẹn o. Mo rò pé ẹ̀ ń bá mi tún un ṣe ni."