Àpótí Tí Mo Pọ̀n Lọ Sókè Òkun

Òórùn rọ́bà tuntun, gúlùù àti awọ ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí ìlà àwọn tó ń ta àpótí ìrìnàjò ní Tẹ̀júoṣó. Títí di òní, bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá lọ ra òwú, òórùn yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọdún tí ọmọbìnrin mi bí àkọ́bí rẹ̀ nílùú ọba ni mò ń sọ. Ìwọ náà mọ bí a ṣe retí oyún yẹn tó, ọ̀rẹ́ mi. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde, ọkọ rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wẹ ọmọ. Èmi tí n kò wọ bàlúù rí láyé mi ni mo fẹ́ lọ. Mo sì fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀ kún bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń dé: ọṣẹ dúdú, òrí, kànìnkànìn, àti ẹja gbígbẹ tí yóò fi máa mu ọbẹ̀ gbígbóná.

Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin ló bá mi lọ sọ́jà. Ojú rẹ̀ ti lọ sára àpótí líle kan, aláwọ̀ wáìnì, tó ní táyà mẹ́rin, tí èèyàn lè fi ìka kan ṣoṣo tì kiri. Ó ń dán yinrin. Èmi kò rí ti dídán rò. Aránṣọ ni mí, ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n ti mọ̀ mí ní Sùúrùlérè, n kì í sì í ra ohun tí n kò bá rí inú rẹ̀. Mo gbé àpótí aláṣọ kan tó dúdú bí aró, mo yí inú rẹ̀ síta, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi èékánná wa ojú rírán rẹ̀ wò.

"Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ tú u palẹ̀?" ni ọ̀gbẹ́ni tó ń tajà bi mí.

"Bí mo bá rí i tú, mi ò rà á mọ́ nìyẹn."

N kò rí i tú. Wọ́n rán an lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fi awọ gbá etí rẹ̀. Síìpù rẹ̀ nìkan ló ṣe mí bákan, ó tinrín. Ọmọ mi náà rí i.

"Màámi, síìpù yìí ò le o."

"Màá pa á dà. Nínú àwa méjèèjì, ta ni aránṣọ?"

Mo sanwó àpótí dúdú náà, àmọ́ òun ń yíjú wo àpótí aláwọ̀ wáìnì yẹn títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ́ kí aránṣọ rán tara rẹ̀? Bí àdúgbò ṣe gbọ́ pé mò ń lọ, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ẹlẹ́ja tí a jọ ń ṣe ẹgbẹ́ gbé ẹja wá láti Ìwáyà, ìyá tó wà lókè ilé wa gbé èlùbọ́, ìyàwó pásítọ̀ gbé gèlè. Gbogbo wọn ló ní ọmọ lọ́hùn-ún. Ọmọbìnrin mi pè mí: "Màámi, ẹ má gba ẹrù ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ rí." Mo ní mo ti gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún obìnrin tí kò tíì fojú kan ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyẹn ti wọ bàlúù pé ẹja rẹ̀ kò ní lọ? Àwọn kan náà ló bá mi gbààwẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ oyún yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Bí mo bá ti ní kí n tú ẹrù sílẹ̀ kí n gbé àpótí sábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹrù mìíràn ti dé. Bí síìpù tinrín ṣe bá mi dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà nìyẹn.

Wọ́n ní kí n ṣí i kí àwọn wo inú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ pa á dé, síìpù ya láti igun kan dé ìkejì, èlùbọ́ yọjú síta. Òṣìṣẹ́ obìnrin tó wà nídìí òṣùwọ̀n ní àpótí tó lanu báyìí kò lè wọ ọkọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n sì fi ń fi ọ̀rá wé ẹrù ti bàjẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń pòṣé. Àbíkẹ́yìn mi tó sìn mí wá ní kí n jẹ́ kí òun kó ẹrù àwọn aládùúgbò padà sílé. Mo ro ojú ẹlẹ́ja yẹn wò, mo ní rárá.

Ìgbà náà ni mo rántí òjá. Òjá òfì pupa tí mo fi pọn ọmọbìnrin mi ni, inú báàgì ọwọ́ mi ló wà, torí n kò fẹ́ kó jìnnà sí mi. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ta á gba abẹ́ àpótí, mo fi orúnkún tẹ ẹrù, mo fà á, mo lọ́ ọ, mo ki etí rẹ̀ bọnú, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe nígbà tí ọmọbìnrin mi ṣì ń jà lẹ́yìn mi tí kò fẹ́ sùn. Mo gbé àpótí mì. Kò mira.

"Háà, Mọ́mì, ẹ ti pọ̀n ọ́n!" Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì gba àpótí lọ́wọ́ mi.

"Ohun tí mo bá pọ̀n kì í já bọ́," ni mo wí, mo sì tún gèlè mi ṣe.

Lọ́hùn-ún, lórí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù wá fún àwọn tó sọ̀ kalẹ̀, àpótí dúdú ń tẹ̀ lé àpótí dúdú yí po, àwọn tó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n kí wọ́n tó dá tiwọn mọ̀. Tèmi yọ tòun tòjá, kò tú. Ọmọbìnrin mi dúró dè mí níta, ó fọwọ́ di ikùn mú, ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ dání. Kò tíì kí mi tó fi rí àpótí. "Òjá mi!" ló ké, omi sì lé lójú rẹ̀. Nígbà tí a délé, ẹrù gbogbo aládùúgbò ló pé. Mo fọ òjá, mo sá a, mo sì fi pọn ọmọ ọmọ mi. Ìgbà tí mo ń padà bọ̀, mo fi òjá náà sílẹ̀ fún wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí irú àpótí tí òun lè rà, mo máa ń sọ ti síìpù, mo máa ń sọ ti ojú rírán. N kì í sọ ti òjá, torí wọn kì í ta irú tèmi ní Tẹ̀júoṣó. Mo yangàn pé ọwọ́ mi méjèèjì ló gbé ẹrù yẹn délé, mi ò sì ní purọ́, mo ṣì ń yangàn.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin mi gbé ọmọ rẹ̀ wá kí wa. Èmi àti àbíkẹ́yìn mi lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Ọmọbìnrin mi ti àpótí líle kan jáde, táyà mẹ́rin, tó ń dán, kò sí ohun tó ṣe é rárá. Òjá pupa ló wé mọ́ ọn, ó ta á gba abẹ́, ó lọ́ ọ, ó ki etí rẹ̀ bọnú.

"Kí ló bàjẹ́ lára ìyẹn?" ni àbíkẹ́yìn mi béèrè.

"Kò sí," ni mo wí. Mo fọwọ́ kan obìnrin kan tó dúró tì mí, ẹni tí n kò mọ̀ rí. Mo ní, "Ẹ wò ó. Ọmọ mi nìyẹn."