Ìlà Tó Ṣófo Nínú Ìwé Òkú

Ọpẹ́ ni fún Olúwa, ẹni tí kì í gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí ó dá Aránṣọ sí di ọdún kejìdínlọ́gọ́ta, tí ojú rẹ̀ sì tún ń rí ihò abẹ́rẹ́ kedere. Ojú náà ni Ọlọ́run lò.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Bí ó bá di ọjọ́ Ajé, katakata yóò wọ apá àtijọ́ nínú itẹ́ òkú ìlú, yóò sì tẹ́ gbogbo sàréè tí kò ní ẹbí pẹrẹsẹ. Aránṣọ ń wá Kò-kánjú, ẹni tí ó bí bàbá-bàbá rẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kan láyé àtijọ́, Kò-kánjú ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni nílé kò mọ̀, kò sì padà mọ́. Aráyé ní ńṣe ni ó sá fún àrùn, tí ó da ilé nù bí èèpo ẹ̀pà. Bàbá Aránṣọ, tí Kò-kánjú ń tọ́ dàgbà, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Nísinsìnyí ó ti di arúgbó orí ibùsùn àìsàn, àràárọ̀ ni ó sì ń béèrè pé, “Ṣé o ti rí i?” Bí ó bá lọ pẹ̀lú ìtìjú yẹn ńkọ́?

Akọ̀wé ọ́fíìsì itẹ́ òkú rí i, ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ tún dé? Kò-kánjú ni wọ́n ń pè é, ẹ wá ń kánjú kiri nítorí rẹ̀!”

“Ọmọ mi, ẹni tí iná ń jó aṣọ rẹ̀ kì í rìn gbẹ̀rẹ̀. Bá mi ṣí ìwé òkú náà.”

“Ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Aago mẹ́rin là ń ti ilẹ̀kùn o.”

Aránṣọ tún fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Kò sí. Ó wá tẹ́ ewé Bíbélì àtijọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, èyí tí Kò-kánjú kọ ọjọ́ ìbí Bàbá sí. Aránṣọ kò lè ṣàì mọ ibi tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti gba abẹ́rẹ́. Lórí ewé náà, oǹkà méje (7) ní ìlà lábẹ́ ikùn; bẹ́ẹ̀ gan-an ni gbogbo méje inú ìwé òkú rí, títí dé sàréè igba lé méjìlá. Láti igba lé mẹ́rìnlá, ọwọ́ mìíràn ni. Ìlà àárín wọn ní ọjọ́ nìkan, kò ní orúkọ. Ọjọ́ kejì tí Bàbá pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ìgbà tí Kò-kánjú kò padà wálé.

“Ta ní ń kọ ìwé yìí nígbà náà?”

“Agbẹ́sàréè ni, mà. Òun ló máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá sin.”

Aránṣọ jókòó kí ó tó wò bóyá àga wà níbẹ̀. “Kò-kánjú ni! Òkú àrùn ló ń sin, tí àrùn fi mú un. Ó kọ orúkọ gbogbo ayé tán, kò wá ku ẹni tó mọ tirẹ̀.”

Akọ̀wé wo ewé, ó wo ìwé, ó wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. Ó yọ kálàmù létí, ó yí ìwé sí i. “Ìyá, ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Màá lu òǹtẹ̀ sí i, katakata kò ní fọwọ́ kàn án mọ́.”

Aránṣọ kọ “Kò-kánjú” sí ìlà tó ṣófo náà. Kò dìde títí yíǹkì òǹtẹ̀ náà fi gbẹ.

Nígbà tí Bàbá gbọ́, ó di ọwọ́ Aránṣọ mú. “Ó kúkú sọ fún mi,” ni ó wí. “Ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́. Ibẹ̀ náà ló wà.”

Kí Ẹni tí ń pe ìràwọ̀ lórúkọ má jẹ́ kí ìlà Aránṣọ ṣófo láé. Kí ó tu Bàbá lára, kí òwú àlàáfíà má já nínú ilé wọn, kí a sì bá orúkọ gbogbo wọn nínú ìwé tí kòkòrò kì í jẹ.